Ohun tí Mo Fi Pamọ́ fún Wolé-wolé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkàn mi ò balẹ̀. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí mo ti ń se gbogbo omi tí a ń mu nílé wa kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án, tí mo sì ń parọ́ fún àwọn aládùúgbò pé inú ló ń yọ mí lẹ́nu. Inú wo? Inú mi ò ṣe nǹkan kan! Kànga tuntun tí gbogbo àdúgbò ń yọ̀ lé lórí ni mò ń bẹ̀rù, èmi àti ọkọ mi nìkan la sì mọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá ti rí ọmọ tó gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu báyìí, àyà mi á já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi ná kí ẹ tó bú mi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, aṣọ ni mò ń rán. Bíríkìlà ni ọkọ mi, iṣẹ́ ìkọ́lé olú-ìlú tuntun ló sì gbé wa dé Gwagwaládà níbí. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, omi odò là ń mu, sòbìà sì ń bá gbogbo wa fínra. Ó yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ èmi náà, odidi oṣù kan ni n kò fi lè tẹ máṣíìnì mi. Nígbà tó sú wa, a kó ara wa jọ, Yorùbá, Hausa àti Gwari, ó di ọ́fíìsì ìjọba. A rò pé wọ́n á lé wa ni, wọn ò lé wa. Wolé-wolé kan ni wọ́n yàn fún wa, ọmọ Ìlọrin, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ èèyàn kí. Ó ní kí àwa gbẹ́ kànga, ìjọba á sì gbé símẹ́ǹtì àti òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà wá. Ṣùgbọ́n ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìnkùlé gbogbo ilé, kí òun mọ ibi tí ṣáláńgá wà, èyí tí à ń lò àti èyí tí a ti dí, kí kànga má baà sún mọ́ ọn. Èmi ni àwọn obìnrin yàn pé kí n mú un kiri, torí mo gbọ́ Hausa.

Ẹ wò ó, ẹni tó bá dàgbà nílé wa á mọ ohun tí wolé-wolé jẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ẹnìkan bá ti pariwo lójú títì pé, “Wolé-wolé ń bọ̀ o!”, ìyá mi á ti da omi ìkòkò nù, á dojú ìkòkò dé, á sì ṣe ojú bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá bá tanwíjí nínú omi rẹ pẹ́nrẹ́n, kóòtù yá. Báyìí ló ṣe wọ̀ wá lára pé ohunkóhun tí wolé-wolé bá bi ọ́, “rárá” ni kí o dáhùn. Ìyẹn nìkan kọ́, ní Àbújá tí a wà yìí, wọ́n ń fi ọ̀dà kọ nǹkan sára ògiri ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó. Ta ni kò ní bẹ̀rù?

Mo mú arákùnrin náà kiri. Ṣáláńgá gbogbo ayé ni mo fi hàn án o, n kò fo ẹyọ kan! Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ilé tèmi ńkọ́? Ṣáláńgá wa àkọ́kọ́ ti kún lọ́dún tó kọjá, ọkọ mi fi pákó dí i, ó da erùpẹ̀ lé e, mo sì gbin ata sórí rẹ̀. Ata ọ̀hún ń ṣe dáadáa. Ó wò ó, ó ní, “Ìyá Télọ̀, kò sí ṣáláńgá lábẹ́ ibí, àbí?” Kí ọkàn mi tó gbọ́ ìbéèrè náà, ẹnu mi ti dáhùn. “Rárá o, ọmọ mi, oko ata lásán ni.” Ó dúpẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ló ṣe mí gan-an? N kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ọgbà wa ni wọ́n máa gbẹ́ kànga sí, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ilẹ̀ tó ṣófo ládùúgbò. Lọ́jọ́ kejì, ó kó gbogbo wa lẹ́yìn, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀ níwọ̀n ìṣísẹ̀ méjìlá péré sí ata mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin ń jó, wọ́n ń kì mí. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún un. Mo ní kí èrò túká ná. Nígbà tí wọ́n túká, mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tó di Sátidé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n ń bá àwọn ọkùnrin wa fa erùpẹ̀ sókè. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ mọ́?

Ọkọ mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n kan èèkàn. Nígbà tó dé tó rí i, ó káwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Dákẹ́ o. Ilẹ̀ á sẹ́ omi náà. Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á lé wa kúrò níbí.” Mo sì dákẹ́.

Omi ọ̀hún mọ́ gaara, ó tutù nini. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Ṣùgbọ́n Làmí, aládùúgbò tí ògiri rẹ̀ kan tiwa, ìgbẹ́ gbuuru ti ń ṣe ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ eyín ni, ọmọ náà ń hu eyín lóòótọ́. Ó sì lè má jẹ́ eyín. Mo gbé omi sísè lọ fún un láàárọ̀ yìí. Ó dì mọ́ mi. “Kai, Màmá, sànnu!” Ó ń rẹ́rìn-ín pé kí ni mo tún ń se omi fún, nígbà tó jẹ́ pé èmi náà ni mo fún wọn ní omi tó mọ́. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Wolé-wolé ránṣẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ ni òun àti àwọn ọ̀gá òun ń bọ̀, pé èmi ni màá ṣàlàyé fún àwọn àdúgbò mìíràn bí a ṣe ṣe é. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á dí kànga, a tún padà sí odò àti sòbìà, gbogbo èèyàn á sì mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ ta ló tún kàn? Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mò ń gbọ́ ìró garawa wọn nínú kànga. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Ọkọ mi ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ó sì dùn mọ́ mi nínú, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.