Títì Iwájú Ilé-Ìwé, Nínú Kọ̀ǹpútà

Ibi tí mo ti ń dúró de ẹni tó ń tún fóònù mi ṣe ní Computer Village ni mo ti gbọ́ tí tíṣà obìnrin kan ń ròyìn fún ìyá àgbà kan tí wọ́n jọ ń kọ́ni nílé-ìwé girama.

"Ẹ̀gbọ́n, àyà mi já o. Mo ní káwọn ọmọ SS2 fi kọ̀ǹpútà ṣàfarawé títì iwájú ilé-ìwé wa, kí mọ́tò máa kọjá, kéèyàn máa sọdá. Nígbà tá a kọ́kọ́ ṣe é, mọ́tò gbá èèyàn mẹ́ta. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọmọbìnrin kan nínú wọn, tó ń mú àbúrò rẹ̀ sọdá níjọ́ tí mọ́tò gbá àbúrò náà."

"Yéè! Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́ yẹn?"

"Òun ni, mà. Mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà náà, ló bá dìde. Ó ní, 'Ẹ má pa á, mà. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.' Ó dín eré mọ́tò kù, mọ́tò ṣì gbá ẹnì kan. Ó wá fi iná tó ń dá mọ́tò dúró síbẹ̀. Ó ṣe é títí gbogbo wọn fi sọdá láyọ̀. Ó ní, 'Mà, ibí la ti lè ṣàṣìṣe tí ẹnikẹ́ni ò ní fara pa.'"

Ìyá náà tún un sọ jẹ́jẹ́: "Ibí la ti lè ṣàṣìṣe tí ẹnikẹ́ni ò ní fara pa." Ó mí kanlẹ̀. "Àbúrò rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti ń rìn, mà."

"Òun fúnra rẹ̀ wá ti ń sọ̀rọ̀?"

"Há, Ẹ̀gbọ́n! Lánàá, èmi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, káwọn tó kù lè ráyè sọ tiwọn."