Omi Tí Mo Ní Kò Sí Lẹ́yìnkùlé Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde kí n tó fẹ̀yìn tì, kí n sì wá máa bá ọmọ mi ọkùnrin gbé ní Houston. Mo ti na ọmọ fún irọ́ pípa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó ka ìyókù, nítorí irọ́ ni mo pa, mo sì pa á lẹ́yìn tí mo ti búra.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti gbé e pa mọ́. Bóyá ǹ bá gbé e dé ibojì. Ṣùgbọ́n tọkọtaya kan wá wo ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fẹ́ rà á. Ìyàwó lóyún. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mo sì ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Sátidé tó máa parí oṣù yìí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín. Mo ti yí orúkọ gbogbo wọn padà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn èèyàn wa máa ń sọ pé kò sí òfin ilé kíkọ́ ní Houston, pé ibi tó bá wu oníkálukú ló ń kọ́ ọ sí. Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò pé. Ìlú kékeré kan tí Houston yí ká ni àwa ń gbé, ó ní olórí tirẹ̀, ó sì ní òfin tirẹ̀. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sún mọ́ ẹ̀yìnkùlé ju ìwọ̀n kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin yọ òun sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ bẹ bọ́ọ̀dù ìlú, àwọn ènìyàn márùn-ún tí wọ́n máa ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n á kọ̀wé sí àwọn aládùúgbò pé kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ wá sọ ọ́.

Yàrá mi la tìtorí rẹ̀ lọ síbẹ̀. Inú yàrá àwọn ọmọ-ọmọ mi ni mo ń sùn nígbà náà, ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, tí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà ń rọ̀ dirodiro lókè orí mi. Délé ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà nílé iṣẹ́ epo, owó ṣì ń wọlé dáadáa. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká kọ́ yàrá kan fún yín sí ẹ̀yìn, kó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀." Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ìgbà tí bàbá Délé ti kú, n kò ní ilẹ̀kùn kan tí mo lè tì kí n sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń dá mi lẹ́jọ́. Èmi kò ní kí ẹ fi dá mi láre.

Ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún yàrá náà rẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni omi òjò àdúgbò máa ń gbà kọjá, láàárín ilé wa àti ilé kejì, kí ó tó dé odò kékeré tó wà lẹ́yìn òpópónà. Délé kò mọ̀, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni méjì péré ló mọ̀. Èmi mọ̀. Kúnlé náà mọ̀.

Kúnlé ló ni ilé kejì, òun àti Yétúndé ìyàwó rẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni, ó ń ka ìwé ní yunifásítì, ó sì ń ṣọ́ ilé ìwòsàn kan lálẹ́, nítorí náà ó máa ń wà nílé láàárọ̀. Mummy ló ń pè mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti dá, àwa méjèèjì dúró sí ẹ̀yìnkùlé, omi dé agbedeméjì ojúgun wa. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká máa sin ẹja níbí jàre. Ẹ̀yin lẹ máa tà á, èmi ni màá máa dín in."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo wọlé, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ ojú ọjọ́ sí ní àràárọ̀, bí a ti ń ṣe ní ilé ìwé: oòrùn, ìkùukùu, òjò, afẹ́fẹ́. Mo kọ ọ́ pé omi dúró lẹ́yìnkùlé, mo sì kọ ibi tó dé. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí mo kọ irú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù jókòó, Kúnlé pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òyìnbó ń wò wá.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ má bínú sí mi o. Tìtorí omi yẹn ni mo ṣe wá. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń bá yín du yàrá."

"Kí ló máa bí mi nínú? Ohun tí o bá mọ̀ ni kí o sọ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Mo tilẹ̀ tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe fún un.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Délé ti ní kí n sọ̀rọ̀ nítorí èmi ni mo máa ń wà nílé lọ́sàn-án. Mo gbọ́wọ́ sókè, mo búra. Alága wọn, bàbá arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ tutù, bi mí bóyá omi máa ń dúró níbi tí a fẹ́ kọ́ yàrá sí. Mo ṣí ìwé mi. Mo ní èmi a máa kọ ojú ọjọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wọn, ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ibikíbi tí mo bá ti rí omi, mo fi àtàǹpàkò bò ó, mo fò ó, mo ka ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ohùn mi kò gbọ̀n. Mo ní, "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti gbọ́, omi kì í dúró níbẹ̀."

Obìnrin kan láàárín wọn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ì bá wu òun kí gbogbo ẹni tó ń wá síwájú àwọn máa kọ nǹkan sílẹ̀ bí olùkọ́ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe èyí ní àṣìṣe. Bí ọmọdé bá ṣírò méje pẹ̀lú mẹ́jọ, tó pè é ní mẹ́rìnlá, àṣìṣe nìyẹn. Èmi mọ iye tó jẹ́.

Wọ́n wá pe Kúnlé. Alága ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ lo sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ṣé bí màmá yìí ti sọ ọ́ náà ni ìwọ mọ̀ ọ́n sí?"

Kúnlé wojú mi. Èmi náà wojú rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá mọ ojú tí mo wò ó. Òyìnbó kankan kò rí i. Ojú tí àgbà fi ń sọ pé "ṣé o fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ níwájú àlejò ni?" Ọmọ náà lanu, ó pa á dé. Lẹ́yìn náà ó ní,

"Ìyá mi ni wọ́n, sà. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ó jókòó. Àwọn márùn-ún gbọ́ ẹ̀rí. Èmi gbọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n nawọ́ sókè, gbogbo wọn, wọ́n fún wa láyè láti kọ́ ọ.

Yàrá náà dára, wọ́n sì gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè. Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo sì sùn bí ọmọ tuntun. Ìgbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ ni mo gbọ́ ọ. Omi wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá, ó ń lu síbí, ó ń lu sọ́hùn-ún, bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá bá a pé wọ́n ti mọ ọ́n pa. Mo gbé rédíò sókè kí n má baà gbọ́ ọ mọ́.

Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí òjò ńlá fi rọ̀. Ọ̀sán gangan ni. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti rí i: omi dé ara ògiri mi, ó dúró, ó yí padà, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé Kúnlé. Kò sáré rárá. Kúnlé ti lọ sí yunifásítì. Yétúndé nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Mummy! Mummy o! Ẹ gbà wá!" Mo pe àwọn panápaná. N kò lè kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa dé, orí tábìlì oúnjẹ ni wọ́n ti bá a, ó gbé ọmọ náà sí èjìká, omi ti dé etí tábìlì.

Kò sí ẹni tó kú. Mo máa ń sọ èyí fún ara mi bí ẹni pé ó jẹ́ ìdáhùn sí nǹkan kan.

Ògiri wọn kò gbẹ títí. Nǹkan dúdú kan hù lára rẹ̀, ó ń rùn, àyà ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún nígbà tó bá ń mí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ epo dà rú ní ìlú yìí, ilé ò tà mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kúnlé fi yunifásítì sílẹ̀. Wọ́n kó lọ sí apátímẹ́ǹtì kan ní àdúgbò Gulfton, yàrá kan ṣoṣo, ó sì ń san gbèsè báńkì lórí ilé tí kò lè gbé.

Kò dá mi lẹ́bi rí. Lọ́jọ́ kejì òjò yẹn ló wá, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. "Mummy, omi ò wọ yàrá yín, àbí? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Tí a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ṣì kí mi bí ọmọ tí ń kí ìyá. Mo wá ń rò ó pé ó ti gbàgbé, tàbí pé ó gbà pé òjò yẹn lágbára ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè dá dúró lọ. Mo sá pa mọ́ sábẹ́ èrò yẹn.

Àwọn tọkọtaya yẹn wá dé. Wálé ń wa takisí, Bísí sì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Kúnlé ti kun gbogbo ilé náà ní funfun, ó mọ́lẹ̀ roro. Wọ́n ti yan yàrá ẹ̀yìn fún ọmọ. Wọ́n kí mi láti ibi fẹ́ǹsì.

"Mummy, ó dà bíi pé Ọlọ́run ló fi yín síbí," ni Bísí wí. "Ẹ ò mọ̀ bí àwọn oní-daycare ṣe ń gbowó ni! Ẹ̀yin lẹ máa bá wa gbé ọmọ o."

"Ẹ má dá a lóhùn, mà," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Kò tíì ra ilé, ó ti rí ẹni gbọ́mọ."

A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wálé wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi máa ń wọlé níbí? Brother Kúnlé ní ẹ̀yin ni ká bi. Ó ní ẹ̀yin kì í purọ́."

Mo ní orí ń fọ́ mi, kí wọ́n padà wá.

Kúnlé pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Mummy, wọ́n dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Wọ́n dé."

"Wọ́n béèrè nípa omi?"

"Wọ́n béèrè."

"Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún bọ́ọ̀dù lọ́jọ́sí, mà, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn. Kẹ́ ẹ mú ìwé yẹn dání."

Kò tíì gbàgbé irọ́ mi láti ọjọ́ yẹn. N kò gbọ́ ìbínú lóhùn rẹ̀, ì bá sàn kí n gbọ́ ọ. Mo ní, "Kúnlé, ìyàwó yẹn lóyún."

"Ọmọ jòjòló ni Yétúndé náà gbé lọ́wọ́ nínú ilé yẹn, mà. Ó dàárọ̀ o."

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Ìkùukùu ń gùn wá láti ìhà òkun ní gbogbo ọ̀sán báyìí. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún Wálé àti Bísí, wọn kò ní ra ilé náà, báńkì á gbà á, Kúnlé á sì pàdánù gbogbo ohun tó fi ọdún púpọ̀ san. Bí mo bá sọ ọ́ fún bọ́ọ̀dù, wọ́n lè ní kí a wó yàrá mi, Délé tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ yàrá náà láìmọ̀ á sì mọ irú ìyá tó ní. Kí wọ́n wó o. Ṣùgbọ́n wíwó rẹ̀ kò ní dá ohun kan padà fún Kúnlé.

N kò ní purọ́ fún ọmọbìnrin yẹn. Kì í ṣe ìyẹn ni mò ń bi yín. Ohun tí mò ń bi yín ni ti Kúnlé. Òtítọ́ ló gbé wá síwájú bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ yẹn, ojú mi ni mo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ tó ń bẹ̀ mí fún lónìí, èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ tọ́mọ, ẹ̀yin tí ẹ kọ́mọ níwèé: báwo ni mo ṣe fẹ́ wò ó lójú kí n sọ fún un pé irọ́ kò dára, nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀?