Àmukù Tábà Mọ́kànlá Nínú Ère Lásárù

Lásárù Mímọ́, ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi ọ̀pá méjì tilẹ̀ tí ajá méjì ń lá ojúgun yín, mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo sì fi ìyá mi tó sùn ní itẹ́ òkú San Juan búra: ọ̀rọ̀ mi kò ní gùn. Mo mọ̀ pé ọ̀la ni ọdún yín. Mo mọ̀ pé gbogbo erékùṣù yìí ló ń fi eékún rìn bọ̀ wá bá yín ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Rincón, tí olúkúlùkù gbé àìsàn tirẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni gbé adìẹ. Kí kọfí tó tutù, mo ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ̀ mí! Ẹ ṣẹ̀ mí gan-an! Ẹ̀yin tí mo gbé sórí tábìlì ìyá mi, tí mo rán aṣọ àlùkò fún, tí mò ń pààrọ̀ omi yín láràárọ̀ kí èmi fúnra mi tó bọ́jú!

Ẹ má wò mí bí ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀. Àmukù tábà mọ́kànlá! Mọ́kànlá, Baba! Mo gbé yín sókè láàárọ̀ yìí, mo ní kí n nu ìdí yín nítorí àlejò ọ̀la, àfi pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀ látinú yín bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ẹ forí jì mí. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé inú yín ṣófo. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí mo ti wà láyé ni mo ti ń kúnlẹ̀ fún ère, ẹnì kan ò sọ fún mi rí pé ihò wà nísàlẹ̀ wọn.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè kúrú.

Ẹ mọ bàbá mi. Evelio, ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọgọ́ta nínú rẹ̀ ló lò nínú oko tábà. Ẹ di í lójú, kí ẹ na ewé kan sí i nímú, á sọ oko tí wọ́n ti ká a fún yín, á sọ bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, á sọ bóyá olóko náà bá ìyàwó rẹ̀ jà kó tó jáde nílé. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá dúró lórí òkè tó pe màlúù rẹ̀, màlúù aládùúgbò ló ń dáhùn. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lóṣù kẹta. Mo ń fọ áńkáṣíìfù rẹ̀, mo rí pupa. Mo ní, "Bàbá, kí lèyí?" Ó ní, "Oje ewé ni." Oje ewé! Ewé wo ló ń ṣẹ̀jẹ̀, Lásárù?

Mo wọ́ ọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Pinar nínú ọkọ̀ akẹ́rù, èmi nìkan, ó ń bínú láti ibí dé ọ̀hún. Dókítà Maylín, ọmọdébìnrin tí mo lè bí, gbé fọ́tò àyà rẹ̀ sójú iná, ó fi bírò tọ́ka sí i. Jẹjẹrẹ ni. Nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bàbá mi wo fọ́tò yẹn títí, ó ní, "Ọmọ mi, fọ́tò yín yìí ò mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ tún mi yà."

Wọ́n gé apá òkè ẹ̀dọ̀fóró òsì. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ó di dandan kí wọ́n fa omi oògùn sí i lára nígbà mẹ́fà, kí gbòǹgbò tó kù má baà rú ewé. Mẹ́fà! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ti lọ. Ta ló gbé báàfù dúró nígbà tó ń bì? Ta ló ń ká ọwọ́ bí ife tó ń gbá a lẹ́yìn láràárọ̀ lálaalẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè já? Ta ló gbá irun rẹ̀ nílẹ̀ tó sọ fún un pé irun ajá ni? A ò ní ajá, Baba Lásárù. Tiyín nìkan ni ajá tó wà nílé yìí, amọ̀ sì ni wọ́n.

Ẹ sì rí ìgò omi yìí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Dókítà ló kọ́ wa. Omi dé ìdajì, rọ́bà tín-ín-rín nínú rẹ̀, bàbá mi á fa èémí, á fẹ́ ẹ sínú rọ́bà, omi á máa hó, èmi á máa kà. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mẹ́ta. Mẹ́ta péré! Omi náà kàn ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún yí èrò padà. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìẹ fi sá fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò sinmi. Mò ń lọ kókò fún un, mò ń fi omi ẹran adìẹ lọ̀ ọ́, mo ń fi síbí kékeré lé e lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Ó di márùn-ún. Ó di mẹ́jọ. Níparí oṣù kẹwàá, méjìlá! Dókítà Maylín rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá Nereida, ẹ bá mi sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ó bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, màá fa méjì tó kù sí i. Bí kò bá pé e, mi ò lè da irú oògùn yẹn sínú ara tí kò lè mí." Ọjọ́ Ẹtì yìí ni ọjọ́ náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà lónìí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ibẹ̀ lẹ ti wọlé.

Àǹtí Digna, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló gbé yín wá láti ilé rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé yín bí ọmọ tuntun. Ó ní, "Nereida, oògùn nìkan ò tó. Bẹ Arúgbó yìí. Gbé tábà kan síwájú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ló fẹ́ràn jù." Mo ní, "Àǹtí mi, tábà? Nínú ilé ẹni tí wọ́n gé ẹ̀dọ̀fóró fún?" Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó ṣubú lulẹ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ṣé Evelio la fún ni? Ẹni mímọ́ la fún. Tìrẹ ti pọ̀ jù."

Mo gbọ́ràn. Ìyá mi àgbà máa ń fi orúkọ mìíràn pè yín, orúkọ tí wọ́n gbé gba orí òkun dé, ó sì máa ń sọ pé a kì í bá yín jiyàn. Mo mú ewé láti inú ilé tí bàbá mi ń sá tábà sí, mo fi ọwọ́ ara mi ká a, tábà kan, ó nípọn, ó rẹwà. Mo gbé e sẹ́sẹ̀ yín láì tan án. Mo lọ tò fún búrẹ́dì. Nígbà tí mo dé, kò sí tábà.

Kò sí! Mo wo abẹ́ tábìlì, mo wo inú omi. Mo ké sí Àǹtí Digna láti orí ògiri. Ó ní, "Ó ti gbà á! Dúpẹ́, ìwọ aláìgbàgbọ́!" Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, èmi tí eékún ń dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún lọ. Mo ní ha, ọ̀rọ̀ wa ti wọ̀. Mo sọ ọ́ di méjì, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Méjèèjì ń lọ! Mo sọ ọ́ di mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Bí ẹ bá rí bí ayọ̀ ṣe ń gbé mi! Èmi fúnra mi, Lásárù! Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ká a, tí mo fi itọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́, tí mo ń fi kún un!

Ìgò sì ń sọ tirẹ̀. Méjìlá di mẹ́wàá. Mẹ́wàá di mẹ́jọ. Mo ní bóyá ọ̀gìnnìtìn ni, mo wé e ní bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì. Láàárọ̀ yìí, méje.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dókítà Maylín yọ ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ èémí àyà kúrò létí, ó bi mí pé, "Màmá Nereida, ṣé ẹnì kan ń mu tábà nílé yín?" Mo dìde dúró. Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo ní, "Mo fi Lásárù Mímọ́ búra, láti oṣù kẹrin, ẹnì kan kò tan tábà nílé wa!" Ẹ̀yin ni mo fi búra! Ẹ̀yin tí inú yín kún fún un nígbà náà!

Kí lẹ wí? Pé ṣé mi ò gbóòórùn ni? Ilé tí wọ́n ń sá tábà sí ló wà lẹ́yìnkùlé wa. Òórùn yẹn ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Ṣé ẹja máa ń gbóòórùn omi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó.

Rárá. Mi ò ní "ẹ" ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá ń bá aláìsàn fi àmukù pamọ́ sínú ikùn ti jẹ "ẹ" tirẹ̀ tán. Ìwọ! Ìwọ ni mò ń bá wí! O jókòó níbí, ojú rẹ méjèèjì là sílẹ̀, kò sí ohun tó di ojú rẹ. O rí i tó ń yọ́ bọ̀, ẹni tí kò lè rìn dé ilé ìgbẹ́ láì dúró lójú ọ̀nà, o rí i tó ń mú ìṣáná, o rí i, o dákẹ́! Ajá rẹ méjì, kò sí èyí tó gbó!

Mo da àmukù náà sínú awo, mo gbé e lọ bá a níwájú ilé, lórí àga rẹ̀ tó ń mì síwá sẹ́yìn. Mo ní, "Bàbá, kí lèyí?" Ó kà wọ́n. Ó ní, "Mọ́kànlá." Mo ní, "Mi ò bi yín ní ìṣirò. Ta ló mu ún?" Ó ní, "Ṣé o ò gbé e fún ẹni mímọ́ ni? Àbí o ò gbàgbọ́ mọ́?"

"Bàbá!"

"Nereida, má pariwo, aládùúgbò ń gbọ́. Mi ò mu tábà. Mo kàn ń bá a tan án ni. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ọ̀pá, báwo ló ṣe fẹ́ ṣáná?"

O gbọ́? Ó tún ń kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ilé! Ó ní ta ló tọ́ mi, tí mo fi ń gbé tábà tútù síwájú àlejò. Pé nílẹ̀ wa níbí, onílé á tan án, á fà á kó ràn dáadáa, kó tó nà án sí àgbà. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun ń fà, nítorí ọ̀wọ̀. Mo ní, "Bàbá, àmukù yìí ò ga ju èékánná mi lọ." Ó ní, "Atẹ́gùn ló jó o."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ gbá a létí, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe. Ó wá gbójú sílẹ̀. Ó ní, "Omi oògùn yẹn ti fọ ẹnu mi dànù. Kókò rẹ dà bí ìwé. Kọfí dà bí omi àfọ̀ṣọ. Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣì ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu mi. Ṣé kí n jókòó síbí máa fẹ́ ìgò títí n ó fi kú láì mọ adùn nǹkan kan?"

Mo gbé awo mi, mo wọlé. Ó ti sùn báyìí. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí láti ibí. Ó ń dún bí ẹni ń fa àpótí lórí iyanrìn.

Torí náà, gbọ́ ìdájọ́ mi. Láti òní lọ, o ti jáwọ́ nínú tábà. Má wò mí! O ti jáwọ́! Ìbáà jẹ́ ọdún, ìbáà má jẹ́ ọdún. Kókò lílọ̀ ni màá gbé síwájú rẹ lọ́la, pẹ̀lú omi gbígbóná, kí gbogbo àlejò Àǹtí Digna rí i. Ohun tí bàbá mi kò gbọ́dọ̀ mu, ìwọ náà kò ní mu ún. Bó bá sì kú, mo fi Ọlọ́run búra, ògiri ni màá kọ ojú rẹ sí, ìwọ àti ajá rẹ, títí di ọjọ́ àjíǹde. Jíjí dìde kì í ṣáà ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ ẹni tó ń jẹ́ Lásárù.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọ́ Ẹtì. Méje ló wà ńlẹ̀. Mẹ́jọ ló kù. Mo fẹ́ ìgò yìí wò fúnra mi lánàá, mo sì kà á: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Lásárù! Kí ni mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe? Ta ni mo fẹ́ pè láti orí òkè? Mú mẹ́jọ nínú rẹ̀. Mú mẹ́wàá, kí ó ṣẹ́kù fún ikọ́. Mi ò ní béèrè rẹ̀ padà. Ṣáà mú un, kí o gbé e fún un, kí o má sọ ibi tó ti wá, torí bó bá mọ̀, kò ní gbà á.

Ó tán. Mo ní kò ní gùn.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ forí jì mí fún "ìwọ" yẹn, inú ló ń bí mi. Ẹ bá mi ṣírò: ẹyọ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, méjì-méjì fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta-mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì. Méjìlá ni mo gbé fún yín. Mọ́kànlá ni mo gbé síwájú bàbá mi nínú awo. Ìkejìlá wà nínú yín pẹ̀lú wọn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ó jọ pé ìgbà tí mo ti ìlà búrẹ́dì dé ló sáré jù ú síbẹ̀. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé adìẹ. Èmi, tí mi ò mu tábà rí láyé mi. Mo ní kí n mọ ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ tìtorí rẹ̀ fi mí sílẹ̀. Mo ṣáná sí i. Mo wúkọ́, omijé bọ́, mo tún fà á. Baba Lásárù, òórùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni. Ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ bọ̀ láti oko nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, tó bá gbé mi lé èjìká. Mo mu ún tán. Títí dé èékánná.

Bí Dókítà Maylín bá tún bi mí lọ́jọ́ Ẹtì pé ta ló ń mu tábà nílé, mi ò mọ ẹni tí màá fi búra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á mọ́. Ẹ má sọ fún Àǹtí Digna, ẹ má sì jẹ́ kí bàbá mi gbọ́ láéláé. Àmukù tèmi ti wà nínú yín báyìí, mo ti sọ ọ́ sínú ihò náà kí n tó gbé yín kalẹ̀. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń dákẹ́, ẹ̀yin àti ajá yín méjèèjì.