Láńdírófà Abẹ́ Igi Máńgòrò

Alága wa, Olóyè Oyèdélé, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Enugu kí ogun tó dé, tí ẹ sì tún padà wá nígbà tí ogun parí, mo dọ̀bálẹ̀. Ìmáàmù wa, olùṣọ́ àgùntàn wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Màmá Evelyn, ìyá ẹgbẹ́, mo rí yín. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí síbí, tí Yorùbá wa máa ń pa lẹ́rìn-ín, ẹ ṣe sùúrù fún mi lónìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, Dúrójayé Láyíwọlá fẹ́ relé.

Lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó gun òkè Milliken, a ó gba Onitsha kọjá odò Ọya, ó di Ìkìrun. Ẹ ti rí ọkọ̀ tí yóò gbé wa níta. Àwọn ọmọdé ti ń gun orí rẹ̀ láti àárọ̀.

Alága wa ti yìn mí. Wọ́n ní n kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ṣé ẹ rí i pé ilẹ̀ ni mo ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́? Olóyè, ẹ forí jì mí, mo purọ́ mọ́ ẹnìkan. Ọkọ̀ tó wà níta yẹn lọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo ń ṣe àbójútó ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìdí ọkọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń yan lórí pápá, tí wọ́n dé igun, ẹni tó wà létí ìta á fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré, ẹni inú á máa tẹ ojú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà ẹ̀yìn méjèèjì ṣe ń rìn nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà. Irin kan náà ló sì ń yí wọn. Ta ló ń pín ìrìn fún wọn tí kò sí ìjà? Àwọn gíà kan ni, tí wọn kò tóbi ju ìkúùkù lọ, tí à ń pè ní difirẹ́ńṣà. Mo kọ́ nípa rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì yege. Síbẹ̀, títí di òní, bí mo bá gbé ìdí ọkọ̀ sókè, tí mo fọwọ́ yí táyà ọ̀tún síwájú, tí mo rí ti òsì tó ń yí sẹ́yìn, ẹnu máa ń yà mí bí ọmọdé.

Gíà ńlá kan wà níbẹ̀ tó rí bí àwo, gíà kékeré kan sì ń tì í. Eyín wọn gbọ́dọ̀ pàdé síbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Pẹlẹbẹ irin kan tó fẹ́lẹ́ bí ewé ló ń mú gíà kékeré dúró sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ti Láńdírófà tó wà níta yẹn bàjẹ́, a kò sì rí irú rẹ̀ rà ní Enugu. Mo gé agolo mílíìkì, mo fi dípò. Mo ní bí ojúlówó bá ti Èkó dé, n ó pààrọ̀ rẹ̀. Ojúlówó dé. Ọkọ̀ ń lọ dáadáa. Mo ju ojúlówó náà sínú dúrọ́ọ̀.

Ní 1974, Tàjùdéèn, dẹ́rẹ́bà wa, ń wa ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Milliken nígbà tí ìdí rẹ̀ gan pa. Ẹ mọ ọ̀gbun tó wà níbẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ kún inú ọkọ̀. Tàjùdéèn fi ọkọ̀ gbá ara òkè, kò jẹ́ kó bọ́ sí ọ̀gbun, gbogbo wọn sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wálé. Ọ̀gá àgbà bi mí pé kí ló fà á. N kò tú nǹkan kan wò. Agolo mílíìkì ló sọ sí mi lọ́kàn, ẹnu mi sì wí pé, "Dẹ́rẹ́bà ni kò bu ọ́ìlì sí i."

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í ṣọ́ géètì. Nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, a sọ ọ́ ní Kòsọ́ìlì. Ẹ má wojú ara yín, gbogbo wa la pè é. Àwọn ọmọ Achara Layout fi kọrin tẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ ń kí i ní "Baba Kòsọ́ìlì, ẹ káàárọ̀ sà," ẹ rò pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni. Láti ọdún náà, kò wọ inú gbọ̀ngàn yìí mọ́. Sàbúrátù ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń wá, ìlà ẹ̀yìn pátápátá ló sì ń jókòó sí, bó ṣe jókòó síbẹ̀ lónìí. Ìyá Múnírù, ẹ jẹ́ kí n rí ojú yín.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà sábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́bàá géètì. Àwọn èèyàn tú iná rẹ̀, wọ́n tú ìjókòó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, Tàjùdéèn á fi kóńdó lé e. Nígbà tí wọ́n tà á ní gbàǹjo lọ́dún tó kọjá, tí mo rà á, ó tọ̀ mí wá.

"Ọ̀gá, lọ́jọ́ tí ẹ bá máa tú ìdí ẹ̀, èmi náà á wà níbẹ̀ o."

"Kí lo fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Ohun tí mo ti ń ṣọ́."

Nínú àgbàlá mi ní Awkunanaw la ti tú u. Agolo kékeré ni mo gbé sábẹ̀. Kí n má purọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo gbàdúrà pé kó gbẹ. Mo yọ nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì tú jáde. Ó dúdú, ó ki bí oyin, ó kún agolo, ó ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ mi. Tàjùdéèn tẹjú mọ́ ọn títí. Ó wá ní, "Ọ̀gá, ẹ bá wa wá agolo mìíràn. Èyí kéré."

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o kò tú u fúnra rẹ láti ọjọ́ yìí?"

"Bí mo bá tú u lẹ́yìn yín, ṣé ẹ ò ní sọ pé èmi ni mo bu ọ́ìlì sí i?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ẹ̀rọ tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Mo ti rí afárá Onitsha kó tó wó, mo sì rí i nígbà tí wọ́n tún un ṣe. N kò rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó sùúrù ọkùnrin yẹn rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ kò mọ̀ pé òtítọ́ lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì, kó máa ṣọ́ ibi tí irọ́ sùn sí.

Agolo mílíìkì tí mo gé wà nínú ìdí ọkọ̀ náà, ó ti rún, ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ṣì hàn.

A jọ tún un ṣe. Ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Coal Camp, mo fẹ́ ra gíà ńlá nìkan, ọlọ́jà ní, "Oga, I no dey separate husband and wife. Carry two or leave two." Mo gbé méjèèjì. Búlúù tí Yéjídé ìyàwó mi fi ń fọ aṣọ funfun la pò mọ́ gíríìsì, tí a fi kun eyín gíà, kí a lè rí ibi tí wọ́n ti ń fẹnu kan ara wọn. Tàjùdéèn ń yí i, èmi ń fi awò wò ó. A tú u, a tò ó, a tún tú u. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ń wo eyín yìí bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ." Pẹlẹbẹ irin tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́ yìí, òun la fi sí i, a fi òmíràn kún un. Lọ́jọ́ tí àmì búlúù bọ́ sí àárín eyín gẹ́lẹ́, àwa méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣé ẹ ti rí ibi tí irin ti dáhùn àdúrà rí?

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ẹ má dọ̀bálẹ̀, ẹ ti dàgbà, ta ló máa gbé yín dìde?" Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wa ọkọ̀ náà gun òkè Milliken, torí ojú mi kò gbé e mọ́, mi ò sì lè jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó sí ìdí rẹ̀. Ó ní òun yóò wà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n ó kọ́kọ́ sọ fún ẹgbẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ni kí n fi parí, kí ẹ lè gbé e délé. Ó wà níta báyìí, ó fara ti ọkọ̀, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀.

Ìyá Múnírù, ẹ dákun, ẹ bọ́ síwájú níbí. Àga méjì ni mo ní kí wọ́n tò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ forí jì mí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnìkan nínú yín ru ẹ̀bi ẹlòmíràn dàgbà. Ẹni tó ń sáré láàárín yín, kó má fa ẹni tó ń rọra rìn ya. Ibi gíga tí ẹ ó gùn, kí ìdí yín má gan. Bí ẹ bá ń lọ sílé, kí ẹ délé láyọ̀. Ẹ ṣé o.

Tàjùdéèn, fetí sílẹ̀. Ọ́ìlì wà níbẹ̀.