Ìgò Ìkàn Tí Mo Gbé Fún Ìyá Gerlinde

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí àwọn àlejò ìsàlẹ̀ má baà gbọ́. Noemi, ọmọ ọmọ mi, jókòó. Gerlinde, ìwọ sún mọ́ mi, àmọ́ má tíì dì mí lọ́wọ́ mú. Dókítà ti sọ fún yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ọkàn mi ò ní pẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó rò pé mi ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun láti ìgbà èwe mi, mi ò gbé e mì, mi ò sì pọ̀ ọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ni mò ń bá jí, òun náà ni mò ń bá sùn. Tí mo bá gbé e dé sàréè, mo gbé. Gerlinde, ìyá rẹ ò kú ikú Ọlọ́run nínú òtẹ́ẹ̀lì wa yìí. Èmi ni mo pa á.

Ìyàwó tuntun láti orí òkè ni mí nígbà náà, baba mi ń sin ewúrẹ́. Saverio fẹ́ mi wọ ilé tí wọ́n ti ń fi ṣíbí fàdákà jẹun, tí àwọn olówó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá sùn sí yàrá tó kọjú sí òkun. Ìyá rẹ̀, Donna Vittorina, ló láṣẹ níbẹ̀. Ó gba àwọn alásè tó ń dé fìlà gogoro, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìgò ìkàn inú òróró tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe. Àwọn àlejò lè gbàgbé orúkọ wa, wọn kì í gbàgbé ìkàn yẹn. A ó gé e, a ó fi iyọ̀ sí i kí omi rẹ̀ lè ro, a ó sè é nínú fínígà, omi kíkan nì, tó ń hó, ká tó kó o sínú ìgò, ká wá fi òróró ólífì bò ó mọ́lẹ̀. Donna Vittorina ní fínígà ò gbọ́dọ̀ dín láéláé. Ó tún ní obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìgò, torí yóò bàjẹ́. Gbogbo wa ní etíkun Kalábríà la gba èyí gbọ́, kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Àmọ́ ìyá ọkọ mi kì í rọra béèrè. Á dúró láàárín ilé ìdáná, á fọwọ́ lé ìbàdí, á ní, "Ersilia, ṣé o mọ́ lónìí? Àbí kí n ránṣẹ́ sí ewúrẹ́ bàbá ẹ kó wá bá mi gé e?" Àwọn alásè á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Ìyá rẹ nìkan ni kì í bá wọn fi mí ṣẹ̀sín. Ọdọọdún lẹ̀yin méjèèjì ń ti Vienna wá lóṣù kẹfà. Á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí: "Ersilia, ìkàn ìyá ọkọ ẹ dùn o, àmọ́ ó ń kan mí léyín. Ìwọ ṣe èyí tí ò kan fún mi, kí n mọ̀ pé o fẹ́ràn mi." Orí mi wú. Èmi ọmọ olùṣọ́ ewúrẹ́, àlejò pàtàkì ń bẹ̀ mí pé kí n ju ìyá ọkọ mi lọ! Nígbà tí ìkàn ọdún yẹn gbó, Donna Vittorina lọ kí àbúrò rẹ̀, mo sì rí àyè. Iyọ̀ àti omi lásán ni mo fi sè é, mi ò fi fínígà sí i rárá. Mò ń ṣe nǹkan oṣù mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Mo mọ̀, mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo wá ti ìgò náà sẹ́yìn tìyá ọkọ mi nínú àjà ilẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ tún dé, mo lọ gbé e. Ọmọrí rẹ̀ ti wú sókè. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, ó mí jáde, òróró rẹ̀ sì ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Àyà mi já. Ẹ gbọ́ ohun tí òmùgọ̀ rò: mi ò tiẹ̀ rántí fínígà, tí kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí oró hù nínú ìgò. Nǹkan oṣù mi ni mo rò pé ó ń tú mi fó. Mo rò pé ìtìjú lásán ló wà nínú ìgò yẹn, mi ò mọ̀ pé májèlé ni. Tí mo bá pe Donna Vittorina pé kó wá wò ó, gbogbo etíkun ló máa gbọ́ pé ìyàwó Saverio ò mọ́. Mo bá fi ṣíbí kó ìfófòó orí rẹ̀ dànù, mo rẹ́ áyù tútù sí i, mo bù ú sínú àwo, mo gbé e lọ bá ìyá rẹ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá rẹ̀. Ìwọ ti lọ wẹ̀ lókun. Ó tọ́ ọ wò, ó pàtẹ́wọ́: "Ersilia! O ti gba adé lórí ìyá ọkọ ẹ!" Ó fi búrẹ́dì nu àwo náà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìpéǹpéjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó ń ṣàwàdà, ó ní, "Méjì-méjì ni mò ń ríran o. Mo rí ìyá ọkọ ẹ méjì. Ṣé ọ̀kan ò tó ẹ ni?" A rẹ́rìn-ín. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, omi ò sì gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá mọ́. Dókítà abúlé ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Saverio wà wá lọ sílé ìwòsàn ìlú ńlá. O rántí dókítà ọ̀dọ́ tó jáde wá bá wa, tí òógùn bò lójú. Ó ní, "Ǹjẹ́ ó jẹ oúnjẹ inú ìgò kankan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ìgò ni, a ní abẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́gun oró ẹ̀, àmọ́ a ò gbọ́dọ̀ pẹ́." Èmi lo yíjú sí, Gerlinde, torí èmi ni mo mọ ohun tó jẹ. Mo la ẹnu. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn alásè nínú etí mi. Mo ní, "Rárá o, Dókítà. Ẹja tútù ló jẹ." O dì mọ́ mi, o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ń tọ́jú yín. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ikú ta ni? Ẹ̀sín tèmi ni mo sá fún, ikú ìyá rẹ ni mo fi dí i. Mo padà sílé, mo ju ìgò náà sókun láti orí àpáta, ọ̀sán gangan ni. Ìyá rẹ kú kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, èémí ò lè jáde mọ́.

Ẹ má rò pé mo ti sọ èyí tó burú jù. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ, Saverio sọ ìbéèrè dókítà fún ìyá tirẹ̀, ojú obìnrin náà sì funfun. Ìgò tirẹ̀ náà ti dé orí tábìlì ìyá rẹ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé. Ó kó gbogbo ìgò rẹ̀ jáde, ó fọ́ wọn sínú kòtò, kò sì tún fọwọ́ kan ìkòkò mọ́. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná. Èmi tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, mo di ọ̀gá. Nígbà tó wà lójú ikú, ó fà mí mọ́ra, ó ní, "Ersilia, èmi ni mo pa ará Vienna yẹn. Fínígà mi dín lọ́dún yẹn. Ó dá mi lójú." Kò sí alásè kankan níbẹ̀ tó máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá tú u sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ sùn, Màmá. Ẹ má ronú ẹ̀ mọ́." Fádà wá, ó sì dárí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi jì í. Ó kú pẹ̀lú ìbẹ̀rù tó yẹ kó jẹ́ tèmi.

Gerlinde, ọdọọdún lo sì ń padà wá, tó ò ń sọ fáwọn àlejò pé ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn ìyá rẹ ló kú sí. Ò ń pè mí ní Màmá. Tóorun bá ń kùn ọ́ nídìí tábìlì, tí ìpéǹpéjú rẹ ń wálẹ̀, mo máa ń sá wọlé. O rò pé ara mi ò yá ni.

Noemi, ìwọ lo ni kọ́kọ́rọ́ báyìí. Tóo bá rí ohun tó já ọ láyà nínú ilé ìdáná, pariwo. Jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín máa ń tán lẹ́nu ènìyàn. Tí mo bá lọ tán, ẹ kọ́kọ́ dé ibi sàréè Donna Vittorina, kẹ́ ẹ sọ fún un pé kì í ṣe òun. Fádà ti dárí jì mí láàárọ̀ yìí, àmọ́ ẹ̀rù ò tíì kúrò lára mi, torí kì í ṣe ìyá Fádà ni mo pa. Obìnrin méjì ló ń dúró dè mí níbi tí mò ń lọ, mi ò sì mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ wò lójú. Gerlinde, tóo bá lè dárí jì mí, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Tóò bá lè ṣe é, má torí àánú sọ pé o ti ṣe é. Irọ́ tí a ti pa fún ẹni tó ń kú lọ nínú ilé yìí ti tó.