Okùn Tó Ti Gbó Tí Mo Gbé Fún Fúnkẹ́

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Kì í ṣe ọmọdé ló ṣe mí. Kì í sì í ṣe àìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, kí n tó wá bá Bísí ọmọ mi obìnrin gbé ní Balbriggan, létí òkun, lẹ́bàá Dublin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí dé ìparí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ìjọ wa fẹ́ bu ọlá fún mi lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Wọ́n ní mo jẹ́ ìyá tó ń ṣọ́ ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíì. Ẹni tó dá àbá náà ni Fúnkẹ́, obìnrin tí mo fẹ́ kí òkun bá mi fìyà jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, mo rí i pé àwọn ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn. Mo bẹ Pásítọ̀, ó sì fún mi ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ Sátidé. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń kí àgbà. Mo kọ́ wọn ní orúkọ ẹ̀yà ara. Èmi tí mo rò pé iṣẹ́ mi ti parí, mo tún di tíṣà. "Màmá Tíṣà" ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ẹni tí kò bá tíì fẹ̀yìn tì kò lè mọ bí orúkọ yẹn ṣe dùn létí tó.

Fúnkẹ́ kéré sí mi púpọ̀. Ọmọ mi ni mo lè fi í ṣe. Nọ́ọ̀sì ni, ó lẹ́nu dáadáa, ọmọ rẹ̀ méjì sì wà nínú kíláàsì mi. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí ṣèpàdé, ó dìde. Ó ní, "Màmá, a mọ rírì yín o. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Ẹ̀rù yín ń bà wọ́n."

Ká ní ó dúró síbẹ̀, ǹ bá gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó mú rúlà mi lórí tábìlì. Ó tẹ ẹ̀yìn bíi tèmi, ó ṣe ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ènìyàn láti orí awò ojú, ó wá na rúlà sí Pásítọ̀ fúnra rẹ̀. "Ìwọ! Tún un pè! Ṣé iyán ló wà lẹ́nu ẹ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Bísí, ọmọ tí mo bí, fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo rí èjìká rẹ̀ tó ń mì.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé kíláàsì náà fún Fúnkẹ́. Ó wá kí mi nílé. Ó ní, "Ẹ ti ṣe é tó, Mà. Ẹ lọ máa gbádùn ara yín." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bu omi fún un. Nínú ọkàn mi, mo sọ pé: ìwọ ọmọ yìí, wàá dúró láàárín èrò lọ́jọ́ kan, ojú á sì tì ọ́ bó ṣe tì mí.

Bísí àti Fúnkẹ́ àti àwọn obìnrin mélòó kan nínú ìjọ máa ń lọ sórí òkun nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Wọ́n ní pátákó gígùn kan tí ènìyàn ń dúró lé lórí, táá máa fi àjẹ̀ tu ara rẹ̀ kiri. Ilé wa ló sún mọ́ etíkun jù, nítorí náà ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ń kó pátákó wọn sí. Èmi kò gun omi rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò mọ bí a ṣe ń wà lásán, èmi ni mo bá gba ìtọ́jú wọn ṣe.

Okùn ẹsẹ̀ ni mo mójú tó jù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára pátákó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á so orí kan mọ́ pátákó, wọ́n á fi ìgbànú kékeré tó wà ní orí kejì di ọrùn ẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣubú, okùn yẹn ni kò ní jẹ́ kí pátákó sá lọ. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń wọ ẹ̀wù tó ń léfòó. Ẹ̀wù yẹn á gbé orí ẹni sókè, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹni wálé, omi ibí sì tutù débi pé kì í pẹ́ gba agbára lára ènìyàn. Pátákó ni ọkọ̀ ẹni. Okùn ló so ẹni mọ́ ọkọ̀.

Mo kọ́ nípa rẹ̀ bí mo ṣe máa ń kọ́ ohun gbogbo. Mo mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ fi omi ẹ̀rọ ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, ká sì fi kọ́ síbi tí oòrùn kò ti ní pa á. Mo mọ̀ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ wò tí a rí ibi tó sán bíi gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ó tó pààrọ̀. Bí apá tí wọ́n ṣe kó máa ká jọ fúnra rẹ̀ bá ti nà tí kò padà mọ́, ó tó pààrọ̀. Bí ìgbànú ẹsẹ̀ kò bá lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ dáadáa mọ́, tàbí tí irin kékeré tó ń yí ti dípẹtà, kí a má tún rò ó. Kódà bí ojú kò bá rí nǹkan kan, ẹni tó ń lò ó déédéé kò yẹ kó jẹ́ kó pẹ́ ju nǹkan bí ọdún kan lọ. Okùn kì í kígbe kó tó já.

Okùn Bísí ló kọ́kọ́ sán. Ó fẹ́ ta á ní kókó kó máa lò ó lọ, torí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tọ́ ọ, pé a kì í da nǹkan nù. Mo bá a wí. Mo ra tuntun fún un. Mo so òwú pupa mọ́ èyí tó ti gbó, mo fi kọ́ sí igun ṣẹ́ẹ̀dì, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé òwú pupa túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú òwú pupa yẹn.

Sátidé kan ni. Fúnkẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ nínú yàrá tó jẹ́ tèmi, lẹ́yìn náà ni yóò wá gbé pátákó rẹ̀. Kó tó dé, mo ti tú okùn rẹ̀ tó ṣì dára, mo sì ti fi èyí tó ti gbó sípò rẹ̀. Dúdú ni méjèèjì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ìwé yìí, ohun tí mo kọ ni pé okùn náà ṣèèṣì bọ́ sí ara pátákó Fúnkẹ́. Mo ti pa á rẹ́. Kò ṣèèṣì.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ kó kú. Ohun tí mo rò ni pé yóò ṣubú, pátákó á sá fún un, á máa fi ọwọ́ lu omi bí adìyẹ, gbogbo wọn á sì fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà. Aṣọ tí mo sá ń fẹ́ sí ọ̀nà òkun. Mo mọ̀ pé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti orí ilẹ̀ wá, etí omi á tẹ́jú pẹrẹsẹ, á sì máa tan ènìyàn jẹ, bẹ́ẹ̀ bó bá ti síwájú díẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á gbé e lọ sójú agbami. Mo rí aṣọ náà. Mo ká a, mo tẹ̀ ẹ́ pelebe, mo sì tẹ̀ lé wọn lọ sétíkun.

Ó ní ohun tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó wọ omi: oníkálùkù á fa okùn ara rẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí. Èmi ni mo kọ́ wọn. Lọ́jọ́ náà, mo mú okùn Fúnkẹ́ dání, mo nà án sí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ fọwọ́ tọ́ ọ wò.

Mo ní, "Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi náà lo fẹ́ yẹ̀ wò, Tíṣà?"

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. "Háà! Rárá o, Màmá. Ta ni mo jẹ́? Ẹ má bínú, Mà." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba okùn náà, ó dì í mọ́ ẹsẹ̀, kò tún wò ó.

Láàárín wa, ohun tí àgbà bá gbé fún ọmọdé, ọmọdé kì í yẹ̀ ẹ́ wò lójú rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé tó ní ni mo fi dì í lójú.

Bísí kígbe sí mi láti orí omi, "Mum, go on home, you'll freeze!" Mo ní mo fẹ́ máa wò wọ́n. Òótọ́ ni mo sọ.

Bí Fúnkẹ́ ṣe kọjá ibi tí ògiri èbúté ti ń bò wọ́n, afẹ́fẹ́ kọ lù ú. Ó ṣubú. Okùn náà nà, ó sì já. Pátákó rẹ̀ bọ́ síwájú bí ewúrẹ́ tó já ìso. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo dá dúró, mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Tún un pè, Fúnkẹ́. Tún un pè."

Ó ń wẹ̀ lé pátákó náà, pátákó sì ń jìnnà sí i. Orí rẹ̀ ń kéré sí i. Ìgbà náà ni Bísí yí pátákó tirẹ̀ padà, ó sì tẹ̀ lé e lọ sójú agbami.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Mo kígbe. Gbogbo ẹni tó wà létíkun ló gbọ́ igbe mi, apẹja kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe ní èbúté sì gbọ́, ó sáré sínú ọkọ̀ rẹ̀. Òun ló kó àwọn méjèèjì wálé. Bísí ti fa Fúnkẹ́ sórí pátákó tirẹ̀, okùn tuntun tí mo rà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀; pátákó Fúnkẹ́ ti bá òkun lọ. Ọkùnrin náà ń tù mí nínú pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n, "They're grand, missus. They're grand." Igbe mi ló ní òun gbọ́. Ìdí rèé tí wọ́n fi fẹ́ bu ọlá fún mi.

Ṣùgbọ́n òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá, ògiri èbúté sì dí igbe náà mọ́ àwọn obìnrin ìjọ tó kù létí. Ohun tí mo ń kígbe ni pé, "Bísí, padà! Fi í sílẹ̀! Fi í sílẹ̀!" Afẹ́fẹ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Mo mọ̀, torí pé ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí, ó sì tún ń lọ.

Òtútù ń mú kí eyín Fúnkẹ́ máa lu ara wọn. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ là, èmi ló dì mú. "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò so ó dáadáa." Mo ní, "Kò burú, ọmọ mi." Kó tó bojú wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo tú ìyókù okùn náà kúrò níbẹ̀, mo sì fi sínú báàgì mi kí ẹnikẹ́ni tó rí ibi tó sán. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní, ẹ wo bí Màmá ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ó jẹ́rìí nínú ìjọ. Ó dúró láàárín èrò, ó sunkún, ó ní àìbìkítà òun ló fẹ́ pa òun. Ó ní Màmá Tíṣà kò yéé kìlọ̀, òun ni òun kò gbọ́. Ó bẹ Pásítọ̀ pé kí wọ́n dá kíláàsì padà fún mi, pé ẹni tó ń ṣọ́ra bíi tèmi ló yẹ kó máa kọ́ ọmọ. Kò wọ omi mọ́. Bí a bá jọ wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá lórí afárá èbúté, á gbé ojú sí apá kejì.

Ẹ̀san mi pé. Ó pé ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Àwọn ọjọ́ kan ṣì wà tí mo máa ń wo bó ṣe ń tẹrí ba fún mi, tó sì máa ń dùn mọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo ti di ẹni mímọ́.

Bísí kò bi mí ní nǹkan kan títí di ìrọ̀lẹ́ àná. A wà ní ṣẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Mum, what were you shouting that day?" Mo ní Ọlọ́run ni mo ń pè. Ó wò mí díẹ̀. Ó ní, "Right so," bí àwọn ará ibí ṣe ń sọ pé ó dáa. Ó wá mú okùn rẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan tí mo sì fi kọ́, ó gbé e síwájú mi, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ìdí, kò mú ojú kúrò lára rẹ̀. Ọmọ mi kò gba ọwọ́ mi gbọ́ mọ́.

Ṣé kí n dìde lọ́jọ́ Àìkú, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ, àbí kí n lọ kúnlẹ̀ fún Fúnkẹ́ nílé rẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyókù okùn náà ṣì wà nínú báàgì mi.

Èyí tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kọ́gbọ́n. Ẹ má dúró dìgbà tí okùn bá já kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí àgbà bá sì gbé e fún yín, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí ẹ wá fà á wò lójú rẹ̀. Bí àgbà náà bá bínú, ẹ má wọ omi lọ́jọ́ yẹn.