Dódò Àwọn Ará Ilé

Ọkọ̀ wa dúró n'Íkirè lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sọ̀ kalẹ̀ láti ra dódò, mo sì bá ìyá tó ń dín in lẹ́nu ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń fi dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, fọ́n oògùn sóko kòkó.

"Tí bátìrì ẹ̀ bá ti fẹ́ tán, mà, fúnra ẹ̀ ló ń padà sílé."

"Ó mọ ilé?"

"Ó mọ ibi tó ti gbéra."

"Ibi téèyàn ti gbéra nìkan kọ́ là ń pè nílé, ọmọ mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàlúù ńlá gan-an ṣì ń bọ̀ wá dá gbé èrò. Ẹnì kankan ò ní jókòó níwájú. Ẹ̀rọ yẹn á máa ronú bí èèyàn."

Ìyá gbójú sókè láàárín èéfín epo. Bàlúù kan ń kọjá lọ lókè réré, ó kéré bí abẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ dún. "Ọmọ mi wà lókè òkun. Ṣé irú ẹ̀ ló máa gbé e wálé?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà. Kì í sùn, kì í mutí, kì í bẹ̀rù."

"Àìbẹ̀rù ẹ̀ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Awakọ̀ tó bá ní kí n di dódò fáwọn ọmọ òun, ọkàn mi máa ń balẹ̀ nítorí àwọn èrò ẹ̀yìn ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ délé. Èyí tí ò ń wí yìí, dódò ta ni yóò rà?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Awakọ̀ wa ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí ìyá di méjì, mo sì gbé ọ̀kan lọ fún awakọ̀.

"Fáwọn ọmọ ilé ni," mo wí fún un.